Lágelú

Lágelú ni jagunjagun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìbàdàn kà sí olùdásílẹ̀ ìlú náà. Jagun ni oyè rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn sọ pé ó ti wá, òun ni ó sì kó àwọn ènìyàn jọ sí ibi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n pe ibẹ̀, orúkọ náà ni ó sì di Ìbàdàn lẹ́nu àwọn ènìyàn. Orúkọ Lágelú ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn Ìbàdàn ń jẹ́, nínú èyí tí Lálúpọn, Èjìokù, Ilé-Ìgbọ́n àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ abà àti ìletò wà, tí Ìyànà Ọ̀fà sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí a ń dárúkọ nínú ìtàn Ìbàdàn, Lágelú ni a mọ orúkọ rẹ̀ jù tí a sì mọ ìgbésí ayé rẹ̀ kéré jù. A mọ ọdún tí Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá kú, a mọ ogun tí Balógun Ìbíkúnlé jà, a sì mọ ẹni tí ó gorí oyè lẹ́yìn wọn. Ní ti Lágelú, orúkọ àwọn ọba tí ó wà lórí oyè ní ìgbà ayé rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń ka ìgbà, wọn kì í fi ọdún kà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìlú kan ti wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó dé ní nǹkan bí ọdún 1829.

Oyè Jagun

Jagun kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ogun ni, a sì rí i ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọba máa ń rán síwájú nígbà tí ogun bá dé. Ìdí nìyí tí ìtàn fi sọ pé kì í ṣe ọmọ oyè tí ó ń wá adé ni Lágelú nígbà tí ó kúrò ní Ifẹ̀. Olórí ogun ni, àwọn tí ó sì tẹ̀lé e jẹ́ àwọn tí wọ́n gbà pé apá rẹ̀ lè ká ààbò wọn.

Ó yẹ kí ònkàwé ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ní Ìbàdàn òde òní, ẹsẹ̀ àkàbà tí ó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni Jagun jẹ́. Mọ́gàjì tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti di Olúbàdàn, ìhà Ọ̀tún ni ó gbà ni o tàbí ìhà Balógun, oyè Jagun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, ipò tí ó ju ogún lọ ni yóò sì gùn lẹ́yìn rẹ̀. Oyè tí olùdásílẹ̀ ìlú jẹ ni ó wá di oyè tí ó kéré jù. Èyí kò fi hàn pé àwọn ará Ìbàdàn kò ka Lágelú sí. Ohun tí ó fi hàn ni pé ètò oyè tí ó wà lónìí kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀bá Ọ̀dàn

Ìtàn sọ pé àwọn ènìyàn tí Lágelú kó lẹ́yìn wá láti Ifẹ̀, láti Ọ̀yọ́ àti láti Ìjẹ̀bú. Kò yani lẹ́nu. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí jẹ́ ààlà láàárín ayé méjì. Ní gúúsù ni igbó kìjikìji wà, níbi tí epo pupa àti obì ti ń wá. Ní àríwá ni ilẹ̀ pápá wà, níbi tí ọkà bàbà ti ń hù tí ẹṣin sì lè sáré. Ẹni tí ó bá jókòó sí ojú ààlà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣaláìní ọjà. Ọjà náà ni ó sì sọ Ẹ̀bá Ọ̀dàn di ìlú, nítorí pé àwọn oníṣòwò láti ìhà méjèèjì ń pàdé níbẹ̀.

Agbègbè Awótán, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ìbàdàn òde òní, ni a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìlú àkọ́kọ́ yìí wà. Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ni ó wá síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣẹ̀ ní ìlú wọn, àwọn tí gbèsè lé kúrò nílé, àwọn tí ọba wọn ń wá, gbogbo wọn rí àyè níbẹ̀, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó gbé e kúrò nílé. Àwọn ọmọ Ìbàdàn kò fi ìtàn yìí pamọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé ìlú tí ó gba gbogbo ènìyàn mọ́ra kò ní ìdí láti tijú bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí aṣọ eégún bọ́

Ohun tí ó pa ìlú àkọ́kọ́ run kò tó nǹkan lójú ẹni tí kò mọ àṣà. Ní ọdún eégún kan, aṣọ bọ́ lára eégún kan ní gbangba ọjà. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Eégún ni ará ọ̀run. Òkú àwọn baba ńlá ni ó padà wá bẹ àwọn ọmọ wò. Ẹni tí ó bá tú aṣọ rẹ̀ ti sọ pé kò sí ará ọ̀run kankan níbẹ̀, pé ènìyàn lásán ni. Nítorí náà ọ̀ràn náà kò dúró lórí ìtìjú ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ìsìn àti òfin ni.

Ìròyìn náà dé Ọ̀yọ́. Ṣàngó ni Aláàfin nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ọba oníbìínú tí ó di òrìṣà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí a pa ìlú tí ó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́, ogun sì dé bá Ẹ̀bá Ọ̀dàn láti ìhà gbogbo. Ìlú náà tú. Àwọn tí kò kú sá lọ.

A kò gbọ́dọ̀ ka èyí bí ẹni pé eégún nìkan ni ó fa ogun. Ìlú tí ó jókòó sí oríta, tí ó ń gba àwọn tí àwọn ọba ń lé, tí ọjà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, kò lè ṣàìní ọ̀tá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà ọjọ́ yẹn fún àwọn ọ̀tá náà ní ìdí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn jiyàn lé lórí.

Orí òkè

Lágelú ti darúgbó nígbà tí ìlú rẹ̀ fọ́. Òun àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó ṣẹ́ kù gun orí òkè kan tí kò jìnnà sí ibi tí Ẹlẹ́yẹlé wà lónìí, wọ́n sì fara pamọ́ síbẹ̀. Kò sí oko, kò sí ọjà. Èso òro tí ó ń bọ́ láti orí igi inú igbó ni wọ́n ń ṣà jẹ, wọ́n sì ń wá ìgbín. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀kọ, ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti jẹ ni wọ́n fi ń mu ún, nítorí pé wọn kò gbé igbá tàbí àwo kankan sá.

Apá yìí ni ó wọ inú ọkàn àwọn ọmọ Ìbàdàn jù nínú gbogbo ìtàn Lágelú. Òro, ìgbín àti ìkarahun tí a fi ń mu ẹ̀kọ ni ó wà nínú oríkì ìlú títí di òní, àti olówó àti tálákà ni a ń fi kí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ni ó fi adé, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹṣin ṣe oríkì ara wọn. Ìbàdàn fi ọjọ́ ebi ṣe tirẹ̀.

Òkè náà fúnra rẹ̀ di ohun ìbọ. Òkè Ìbàdàn, tí a máa ń pè ní Òkèbàdàn, ni òrìṣà tí ó gba àwọn asásálà mọ́ra, obìnrin ni a sì kà á sí, ìyá ọlọ́mú ńlá tí ó ń fún àwọn tí kò lọ́mọ lọ́mọ. Abọkẹ̀ ni olórí àwọn tí ń bọ ọ́. Ó máa ń di irun bí obìnrin, ó sì ń múra bí obìnrin nítorí òrìṣà tí ó ń sìn. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà, a kì í dá iná ní ìlú, ọjà kì í ná, oúnjẹ tí a ti sè sílẹ̀ ni a sì ń jẹ ní tútù. Èyí ni ó ń rán ìlú létí àwọn tí kò lè dá iná lórí òkè, kí èéfín má baà fi wọ́n han àwọn ọ̀tá. Ọjọ́ náà kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń kọ orin èébú kiri ìgboro, tí wọ́n ń sọ ohun tí a kì í sọ ní ọjọ́ mìíràn sí ẹni ńlá àti ẹni kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú.

Ìlú kejì

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní orí òkè, wọ́n bi Ifá, Ifá sì ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n rúbọ, wọ́n sì tẹ ìlú kejì dó ní Oríyangí, ní àárín Ìbàdàn òde òní, ní agbègbè Ọjàaba àti Mápó. Àwọn tí wọ́n ti tú ká bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àwọn àjèjì náà sì tún ń wá gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn ti sọ pé Lágelú kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jọba gẹ́gẹ́ bí Olú ìlú náà.

Ogun Òwu ni ó fòpin sí ìlú kejì yìí. Ìtàn Ìbàdàn sọ pé Olú ìgbà náà fi ọmọbìnrin rẹ̀ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ńkan, fún Akínjọbí tí í ṣe Olówu, kí ìrẹ́pọ̀ lè wà láàárín ìlú méjèèjì. Òwu lágbára nígbà náà, a sì ń bẹ̀rù wọn. Dípò kí Olówu fi ọmọ náà ṣe aya, ó fi í rúbọ sí odò. Ìbínú tí èyí dá sílẹ̀ ni ó mú kí Ìbàdàn dara pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ń wá ìparun Òwu.

Àwọn mìíràn ní ìdí tiwọn láti bá Òwu jà. Samuel Johnson, àlùfáà àti òpìtàn ọmọ Yorùbá, kọ ọ́ pé ní ọjà Àpòmù ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ataare tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀, tí ó fi di ogun láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú. Ifẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn pẹ̀lú Òwu tẹ́lẹ̀, àwọn asásálà láti Ọ̀yọ́ tí ilẹ̀ wọn ti dàrú sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1820, Òwu ṣubú, a kò sì jẹ́ kí a tún un kọ́.

Ọdún 1829

Nígbà tí Òwu ṣubú tán, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ́gun kò padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní ilé mọ́. Wọ́n yí padà sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn gbọ́, wọ́n sì sá kúrò kí ogun tó dé. Nítorí pé ìlú náà ṣófo, a kò dáná sun ún, àwọn ọmọ ogun sì sọ ọ́ di ibùdó wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni èyí ṣẹlẹ̀. Máyẹ̀ Òkúnadé láti Ifẹ̀ ni olórí wọn, Lábọ́sìndé wà níbẹ̀, àwọn olórí Ọ̀yọ́ bíi Lákanlẹ̀ àti Olúyọ̀lé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Láìpẹ́ ìjà dé láàárín Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ní inú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, a pa Máyẹ̀, ìlú sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́. Ìyókù jẹ́ ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ìṣẹ́gun lórí Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, ogun Ìjàyè, ogun Kírìjì.

Ta ni ó ni Ìbàdàn?

Ibí ni orúkọ Lágelú ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé. Nínú ìwé ńlá tí Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, abúlé kékeré ti àwọn Ẹ̀gbá Gbágùúrá ni Ìbàdàn jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tó wọ̀ ọ́; ìtàn Lágelú kò sí níbẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé Johnson nìkan, ìbùdó ogun ni Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n dé ní 1829 sì ni olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó fi Lágelú sí inú ìwé ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn rẹ̀ jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́wàá kí ti Johnson tó jáde. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí àwọn tí wọ́n bá ogun Kírìjì lọ ṣì wà láàyè. Ó jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìsìn ṣeré, síbẹ̀ ó kọ ìtàn tí eégún, Ifá àti òrìṣà òkè wà nínú rẹ̀ láìbò ó. Ó di Olúbàdàn ní 1955, orí oyè náà ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1964. Òpìtàn tí ó di ọba ìlú tí ó kọ ìtàn rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ìtàn méjèèjì kò fi dandan tako ara wọn. Ẹ̀gbá Gbágùúrá lè jẹ́ orúkọ tí àwọn aládùúgbò fi ń pe àwọn tí wọ́n ka ara wọn sí ọmọ Lágelú. Ìṣòro tí ó le jù ni ti ìgbà. Ṣàngó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Aláàfin àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọba ni ó sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kan ìgbà Akínjọbí Olówu. Bí Lágelú bá bá Ṣàngó láyé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí Ńkan kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀, bí kò ṣe ìran tí ó jìnnà sí i gan-an. Nítorí náà ni àwọn kan fi rò pé orúkọ kan ni a fi bo ìgbà púpọ̀ mọ́lẹ̀, tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórí sì di iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Georgia, ní ẹ̀bá òkè Caucasus, ìdílé ọlọ́lá kan wà tí a ń pè ní Baghvashi, tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń jẹ́ Liparit láti ìran dé ìran. Àwọn òpìtàn ní láti fi nọ́ńbà sí wọn lára kí wọ́n tó lè sọ pé Liparit kẹrin ni ó bá Ọba Bagrat kẹrin jà ní ọ̀rúndún kọkànlá. Níbẹ̀, ìwé ìtàn ayé àtijọ́ wà tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Ìbàdàn, ẹnu àgbà ni ìwé, àgbà kì í sì í fi nọ́ńbà sí orúkọ. Lójú ẹni tí ó kọ àyọkà yìí, a lè gba Lágelú gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ó gbé ayé rí, kí a sì tún gbà pé orúkọ rẹ̀ ti ru ẹrù tí ó ju ti ìgbésí ayé ẹnì kan lọ.

Ohun kan dájú. Ìtàn Lágelú fún Ìbàdàn ní orírun láti Ifẹ̀ tí kì í ṣe ti ìbùdó ogun. Nígbà tí a yí oyè Baálẹ̀ Ìbàdàn padà sí Olúbàdàn ní 1936, orúkọ Olú ti ìlú àtijọ́ ni ó tún jí dìde. Ṣùgbọ́n ìdílé Lágelú kò gba ìtẹ́ padà: ẹni tí ó bá gùn dé òkè àkàbà ni ó ń jẹ Olúbàdàn, láti ilé èyíkéyìí tí ó bá ti wá.

Orúkọ náà lónìí

Nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tí ó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn, lára àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn olórí ìgbà àtijọ́ ni Olúyọ̀lé, ti àwọn jagunjagun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti Lágelú, ti àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ọdún 1976 ni a dá ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú sílẹ̀. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní 147,000 ni ó ń gbé níbẹ̀. Ní Àgúgù, nínú ìgboro Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ girama kan tún wà tí ó ń jẹ́ Lágelú.

Awótán àti Òkèbàdàn wà ní ìhà kejì ìgboro, ní ìwọ̀-oòrùn, wọn kò sí nínú ilẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá dé Lálúpọn láti wá ahoro Ẹ̀bá Ọ̀dàn yóò pòfo. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ọjà, àti ibùdókọ̀ ojú irin tí ó wà lórí ọ̀nà tí ó kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo ní 1907. Ojú irin náà ni ó ń gbé irè oko láti agbègbè yìí lọ sí Èkó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ kò tíì dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ní àwọn abà wọ̀nyí ní ilé baba wọn ní ìgboro, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀ nígbà ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Bí ọjọ́ Òkèbàdàn bá kò, àwọn tí wọ́n ṣì ń pa àṣà mọ́ nínú wọn kì í dá iná.